Ère Ajá Scottie àti Ìtàn Àwọn Tó Rà Á

Ní Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba, àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dé ọjà àlòkù tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta gbàǹjo, ohun kan ṣoṣo lojú wọn ń wá. Irú ajá kan ni wọ́n ti yàn láàyò, ohunkóhun tí ère tàbí àwòrán ajá náà bá sì wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń rà: ère tánganran, irin tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró, bọ́tìnnì ẹ̀wù obìnrin, káàdì Kérésìmesì, àwo eérú sìgá, ìgò iyọ̀, páálí ìṣáná, aṣọ ìnuwọ́ tí ìyá àgbà kan fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí. Ẹni tó yan Bulldog kò ní bojú wo ti Poodle. Ẹni tó yan Dachshund yóò kọjá lára ère Bulldog tó rẹwà bí ẹni pé kò rí i. Ilé ẹlòmíràn nínú wọn kún dé àjà, àwọn ará ilé a máa ráhùn, àlejò a sì máa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní ṣé kò sí nǹkan gidi tí àgbàlagbà lè fowó rẹ̀ ṣe ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé iṣẹ́ òpìtàn làwọn èèyàn wọ̀nyí ń ṣe, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ pe ara wọn bẹ́ẹ̀, àti pé ohun gan-an tí a fi ń bú wọn, ìyẹn gbígbájú mọ́ ajá kan ṣoṣo, ló mú kí iṣẹ́ náà so èso. Kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n ká, Scottish Terrier, tí gbogbo ayé ń pè ní Scottie, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìwọ̀nba irú ajá díẹ̀ ni wọ́n tíì ya sára nǹkan tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín àkókò kúkurú.

Ajá kékeré ni Scottie. Gíga rẹ̀ ní èjìká kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kì í sì í sábà ju kílò 10, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ ki, àyà rẹ̀ fẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, orí rẹ̀ gùn. Etí rẹ̀ ṣonṣo sókè, ìrù rẹ̀ nà ró, irun ya bo ojú rẹ̀, irùngbọ̀n sì kún ẹnu rẹ̀. Àwọn ará òkè Skọ́tílándì ló ń sìn ín kí ó lè máa wọnú ihò lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti àwọn ẹranko mìíràn tó ń pa ẹran ọ̀sìn wọn jẹ. Ní àwọn ọdún 1880 ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fẹnu kò lórí bí ó ṣe yẹ kó rí, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ní 1885 ni American Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ajá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ orúkọ Scottie àkọ́kọ́ sínú ìwé. Ó pẹ́ kó tó gbajúmọ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1930, ó ti wà lára irú ajá mẹ́wàá tí wọ́n ń forúkọ wọn sílẹ̀ jù lọ, àkókò yẹn kan náà sì ni àwòrán rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ohun gbogbo.

Kí ló fà á? Ìdí kan wà nínú ìrísí ajá náà. Bí a bá fi ọ̀dà dúdú ya Scottie láti ẹ̀gbẹ́, láìfi ojú tàbí imú sí i, ọmọdé tó bá ti rí i rí yóò mọ̀ ọ́n. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rọrùn láti gé lára pákó, láti tẹ̀ sára tánganran, láti fi òwú ṣe sára aṣọ. Láàárín Ogun Àgbáyé Kìíní àti Ìkejì, ọnà tó gbòde ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Art Deco, ọnà tó fẹ́ràn ìlà gbọọrọ, igun mímú, àti dúdú tó dojú kọ funfun. Scottie bá a mu láìjẹ́ pé oníṣẹ́ ọnà ṣe wàhálà kankan. Ìdí mìíràn, tí mo kà sí pàtàkì jù, ni pé kò sẹ́ni tó ni àwòrán rẹ̀. Àwọn àgbà tó bá rántí àwo orin HMV, tó fi mọ́ ti àwọn olórin Yorùbá ayé àtijọ́, yóò rántí ajá tó ń tẹ́tí sí gírámáfóònù lára bébà tó wà láàárín àwo náà. Nipper lorúkọ ajá yẹn, Francis Barraud ló yà á, ilé iṣẹ́ Gramophone Company sì ra àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1899 láti fi ṣe àmì ọjà wọn. Àwọn kan ń kó ohun ìrántí Nipper jọ, ìkójọ tó lẹ́wà sì ni, àmọ́ ìtàn òwò orin ni yóò máa sọ ṣáá. Scottie kò ní irú olówó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá àti obìnrin tó ń hun ìbòrí tíì nínú yàrá ìdáná rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kan náà sí i, ìdí nìyí tí ohun tí a rí lára rẹ̀ fi ti ọwọ́ gbogbo irú èèyàn wá.

Àwọn oníṣòwò kò fi àǹfààní náà ṣeré. James Buchanan, oníwisikí tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1884, ní ọtí kan nínú ìgò dúdú tí wọ́n lẹ bébà funfun mọ́. Nítorí àwọ̀ méjèèjì yìí ni àwọn oníbàárà ṣe ń pè é ní Black & White, Buchanan sì gba orúkọ náà lẹ́nu wọn. Ajá méjì ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀, Scottie dúdú kan àti West Highland Terrier funfun kan. Nígbà tí òfin tó de ọtí parí ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 1933, àwọn ọtí Skọ́tílándì ya wọ ọjà náà padà, ajá méjèèjì sì tẹ̀lé wọn dé ojú ìwé ìròyìn, ara ife, ara àwo eérú sìgá, àti orí káńtà ilé ọtí. Ẹni tí kò fi ọtí kan ẹnu rí lè ní gbogbo nǹkan wọ̀nyí nílé lónìí nítorí Scottie, kó sì jẹ́ pé ẹ̀rí bí ilẹ̀kùn ilé ọtí ṣe ṣí padà ní orílẹ̀-èdè kan ló ń tọ́jú.

Lẹ́yìn náà ni Fala dé. Scottie dúdú tí wọ́n bí ní oṣù Kẹrin 1940 ni. Margaret Suckley, ìbátan Ààrẹ Franklin Roosevelt, ló fi ta ààrẹ lọ́rẹ, ó sì wọ White House ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà. Ó ń bá ààrẹ wọ ọkọ̀ ojú irin, ó ń bá a wọ ọkọ̀ ojú omi. Kí Amẹ́ríkà tó wọ Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti fi í ṣe ààrẹ Barkers for Britain, ẹgbẹ́ àwọn ajá tí olówó wọn ń dáwó ran Ìlú Ọba lọ́wọ́. Ajá tó bá wọ ẹgbẹ́ a gba àmì kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn rẹ̀. Ní ọdún 1944, bí ìdìbò ṣe ń sún mọ́lé, àwọn alátakò ń sọ ọ́ kiri pé Roosevelt gbàgbé ajá rẹ̀ sí erékùṣù Aleutian, pé ó wá rán ọkọ̀ ogun lọ mú un wálé lówó ìlú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án, níbi àsè ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ Teamsters, Roosevelt dáhùn. Ó ní òun àti ìdílé òun ti gbà pé wọn yóò máa bú àwọn, ṣùgbọ́n ti Fala yàtọ̀, ọmọ Skọ́tílándì ni, inú rẹ̀ ò sì tíì rọ̀ látìgbà tó ti gbọ́ iye owó tí wọ́n ní wọ́n ná lé òun lórí. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, rédíò gbé e ká orílẹ̀-èdè. Roosevelt kú ní oṣù Kẹrin 1945. Fala kú ní 1952, wọ́n sì sin ín sínú ọgbà òdòdó ní Hyde Park, nítòsí sàréè olówó rẹ̀. Níbi ìrántí Roosevelt tí wọ́n ṣí ní Washington ní 1997, ère Fala jókòó sí tòsí ti ààrẹ.

Ẹnìkan lè sọ pé gbogbo èyí wà nínú ìwé, kí ni ère inú kọ́bọ́ọ̀dù fẹ́ fi kún un? Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi ti wúwo. Ẹni tó ń kó gbogbo ohun àtijọ́ jọ láìyan ohun kan yóò ní aago, yóò ní àga, yóò ní agbada ìdáná; bí ó bá gbé wọn síra, kò sí bí ó ṣe lè mọ̀ bóyá àkókò ló mú kí wọ́n yàtọ̀ síra ni, tàbí pé aago kì í kúkú ṣe agbada. Ẹni tó ní Scottie 200 kò ní ìṣòro yẹn. Ajá kan náà ni, ìdúró kan náà, etí kan náà. Ohun tó bá yàtọ̀ láàárín èyí tí wọ́n ṣe ní 1928 àti èyí tí wọ́n ṣe ní 1948 kò lè jẹ́ ti ajá. Ti ayé tó yí ajá ká ni. Ohun tí wọ́n fi ṣe é yí padà, ọ̀dà yí padà, ọwọ́ tó ṣe é yí padà, àpò tó rà á náà yí padà. Nítorí pé ìrísí kò yí, gbogbo ìyípadà yòókù hàn kedere. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí ẹni tí kò ní ilé ìkàwé, tí kò ní oyè yunifásítì, fi lè rí ìyípadà ìgbé ayé ogójì ọdún lórí pẹpẹ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí wọ́n fi ṣe wọ́n. Ní Lancaster, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ilé iṣẹ́ Hubley tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894 ń yọ́ irin láti fi ṣe ohun ìṣeré àti irin ìdálẹ̀kùn. Àwọn ajá wọn wúwo. Bí ọ̀kan bá já lé èèyàn lẹ́sẹ̀, onítọ̀hún á mọ̀ ọ́n lára. Ilé tí ojú fèrèsé rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí nínú ooru, tí afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn dé, ló nílò irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí àwọn èèyàn ṣe ń ra ẹ̀rọ amúlétutù sílé ni ìlò irin ìdálẹ̀kùn ń dínkù. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ ogun, ó di 1942 tí ìjọba fòfin de lílo irin fún ohun ìṣeré ọmọdé, nítorí ìbọn àti ọkọ̀ ogun ló nílò rẹ̀. Scottie tí wọ́n ṣe ní ọdún ogun wá di ti pákó, ti páálí, ti aṣọ tí wọ́n fi òwú kì, tàbí ère ẹfun fífúyẹ́ tí wọ́n fi ń ta ẹni tó bá borí níbi eré ìdárayá àríyá lọ́rẹ. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sára wọn pé ogun ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó bá to Scottie rẹ̀ ní ìtò ọdún yóò rí ibi tí irin ti pòórá.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ni Bakelite wà, ike líle àkọ́kọ́ tó jẹ́ pé inú ilé ìwádìí ni wọ́n ti ṣe é pátápátá. Leo Baekeland, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó kó lọ sí Amẹ́ríkà, ló ṣe é, ó sì gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1909. Obìnrin tí kò lówó góòlù ní àwọn ọdún 1930 lè ra Scottie Bakelite dúdú tàbí pupa, tí wọ́n gé, tí wọ́n dán, tí wọ́n fi píìnì sẹ́yìn rẹ̀, kó fi há àyà ẹ̀wù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀nà tí àwọn olùkó fi ń mọ Bakelite yàtọ̀ sí ike ìsinsìnyí dára láti mọ̀. Wọ́n á fi àtàǹpàkò ra á kíkankíkan títí yóò fi móoru, wọ́n á sì gbé e sí imú lójú ẹsẹ̀. Òórùn tó mú bí oògùn ilé ìwòsàn ni yóò yọ. Bí ó bá jẹ́ òórùn kàfúrà ló yọ, seluloídì ni, nǹkan ìṣáájú Bakelite tó fúyẹ́ jù ú lọ, tó sì máa ń yára gbiná, nítorí náà wọn kì í gbé e sún mọ́ iná. Bí wọ́n bá gbé Bakelite méjì lu ara wọn, ìró rẹ̀ máa ń wúwo, ó máa ń dún kòkò. Imú, ọwọ́ àti etí ni wọ́n fi ń ka ohun tí ìwé kò lè fi hàn.

Àmọ́ abẹ́ ère ni mo rò pé ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ mú ìgò iyọ̀ àti ìgò ata kan, Scottie méjì, ọ̀kan dúdú ọ̀kan funfun, gíga wọn kò ju ìka àárín lọ, ihò mẹ́ta lórí, rọ́bà dúdú tó ti gbẹ ní ìdí. Ẹ dojú wọn délẹ̀. Láti 1891 ni òfin Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ọjà tó bá ti òkèèrè wá ní orúkọ ilẹ̀ tó ti wá lára. Ti Jàpáànì ń kọ "Nippon", títí ìjọba Amẹ́ríkà fi sọ ní 1921 pé òun kò gbà á mọ́, "Japan" ni kí wọ́n máa kọ. Ogun bẹ́ sílẹ̀, ọjà náà dáwọ́ dúró. Nígbà tí ogun parí tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń ṣàkóso Jàpáànì títí di 1952, àwọn amọ̀kòkò ibẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọjà ránṣẹ́, àkọlé "Occupied Japan" sì ń wà lábẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Nítorí náà, ìgò iyọ̀ méjì tó jọra bí ìbejì, tí wọ́n tilẹ̀ lè ti inú ìdáná amọ̀ kan náà jáde, lè fi hàn lábẹ́ ìdí wọn pé ìlú tó ṣe wọ́n jẹ́ òmìnira nígbà kan, pé wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, pé ó tún dìde. Àwọn ènìyàn tí ilé wọn ti jóná ń fi ọwọ́ kun etí ajá Skọ́tílándì fún ìyàwó ilé tó wà ní Ohio. Ìwé ìtàn yóò sọ pé òwò láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀. Ìgò iyọ̀ yìí ni òwò náà fúnra rẹ̀.

Ara ajá náà pẹ̀lú ní ìtàn. Láti 1931 ni ilé iṣẹ́ Royal Doulton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ère àwọn ajá tó gba ipò kìíní níbi ìdíje, Frederick Daws ló sì ń mọ púpọ̀ nínú wọn. Kò fi orí ara rẹ̀ ronú wọn. Ajá gidi tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ló ń wò. Scottie tirẹ̀, tí nọ́ńbà HN 1015 wà lábẹ́ rẹ̀, jẹ́ ère Albourne Arthur, ajá tó gbégbá orókè ní ìgbà ayé rẹ̀. Marguerite Kirmse, tí wọ́n bí ní Bournemouth ní 1885, tó kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1910, fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ya ajá sórí àwo bàbà, ó tẹ̀ wọ́n sórí bébà, Scottie sì pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá gbé iṣẹ́ àwọn méjèèjì síwájú fọ́tò Scottie tó ń gba ife ẹ̀yẹ lóde òní, a óò rí i pé irun ìgbà yẹn kò pọ̀ tó báyìí ní ikùn àti ní ẹsẹ̀, pé ẹsẹ̀ hàn, pé a lè gbà gbọ́ pé ajá yìí lè wọ ihò kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kó sì jáde. Àwọn tó ń sin ajá a máa jiyàn lórí bí Scottie ṣe yẹ kó rí. Ẹ̀rí tó ṣeé fọwọ́ kàn wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn tó ń kó ère jọ.

Àwọn kan ń sọ pé pàǹtírí ni àwọn ère wọ̀nyí. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ohun àtijọ́, kó tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá, ohun tí gbẹ́nàgbẹ́nà tàbí alágbẹ̀dẹ fi oṣù mẹ́ta ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ń pọ̀ jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Mo gbà pé ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, kò sì sí ẹni tó ní kí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kó iṣẹ́ ọ̀gá síta nítorí ìgò iyọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra iṣẹ́ ọ̀gá ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀? Olówó ni, àwọn ọmọ olówó sì ti tọ́jú rẹ̀. Ohun tí òṣìṣẹ́ rà ní sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni kò sẹ́ni tó kà sí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, àkísà yìí ni àwọn olùkó Scottie ń ṣà. Bí wọn kò bá ṣà á, ohun tó wu mẹ̀kúnnù láti gbé sórí tábìlì rẹ̀, ohun kékeré tó ra kí ilé tí owó kò sí má baà dà bí òfìfo, yóò parẹ́ pátápátá kúrò nínú ìtàn.

Ti owó ńkọ́? Lórí èyí, òtítọ́ ló yẹ kí a sọ fún ẹni tó bá ń ronú láti bẹ̀rẹ̀: kó má fi í ṣe òwò. Ìwọ̀nba irin Hubley tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì pé, àti ère Doulton tó ṣọ̀wọ́n, lè mú owó gidi wá níbi gbàǹjo. Èyí tó pọ̀ jù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, iye rẹ̀ sì lè wálẹ̀ bí àwọn tó mọ Fala lójú ayé wọn bá ń tán lọ. Àwọn ayédèrú náà wà. Àwọn kan ń da irin tuntun bí ti àtijọ́, wọ́n á fi omi iyọ̀ mú un dípẹtà, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà. Ojú tó ti mọ́ra kì í pẹ́ dá wọn mọ̀: ara irin àtijọ́ máa ń jọ̀lọ̀, ibi tí apá méjèèjì ti pàdé máa ń fún pọ̀, ti ayédèrú máa ń ṣe kúkúkú bí iyanrìn, àlàfo á wà níbi ìpàdé, ìpẹtà rẹ̀ á sì pupa yòò dípò kó dúdú. Bí skúrù tó so ó pọ̀ bá jẹ́ elórí àgbélébùú dípò olójú kan, kí ẹni tó fẹ́ rà á fura, nítorí àárín àwọn ọdún 1930 ni irú skúrù bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọjà. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ tí òpìtàn ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, láti má ṣe gba ẹ̀rí gbọ́ kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, owó àpò ara wọn ni àwọn èèyàn yìí fi ń kọ́ ọ.

Ẹ̀sùn tó dùn mí jù, tí n kò sì ní fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ni pé irú ìfẹ́ báyìí ṣe ajá fúnra rẹ̀ ní jàǹbá. Nígbà tí irú ajá kan bá di àṣà, tí àwòrán rẹ̀ wà lára gbogbo nǹkan, gbogbo èèyàn á fẹ́ ní i, àwọn tó ń sin ajá nítorí owó á sì máa mú un bí lójú kòkòrò, láìwo àìsàn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Scottie ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Àrùn von Willebrand, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì bí ara bá bó, ń bá ìran rẹ̀ jà. Àrùn jẹjẹrẹ inú àpò ìtọ̀ sì máa ń mú un ní nǹkan bí ìlọ́po 18 sí 20 ju bí ó ṣe ń mú ajá mìíràn lọ. N kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àwọn àìsàn náà ti ọwọ́ ìgbajúmọ̀ wá, ṣùgbọ́n kò sí bí ìgbajúmọ̀ ṣe lè ran ajá tó ní irú wọn lọ́wọ́. Síbẹ̀, ohun tí ẹ̀sùn yìí bá wí ni ríra ajá nítorí àṣà. Ère kì í bímọ, ère kì í ṣàìsàn, ẹni tó fẹ́ràn ìrísí Scottie tí kò sì ní àyè, àkókò tàbí owó dókítà ẹran lè ní 500 nínú wọn láìpa ajá kankan lára. Mo tilẹ̀ rò pé ìkójọ náà ni ìkìlọ̀ tó dára jù. Ó fi hàn bí àṣà ṣe ń dé wìtìwìtì àti bí ó ṣe ń lọ. Scottie ti kúrò láàárín ajá mẹ́wàá tó gbajúmọ̀ jù lọ tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ère rẹ̀ ṣì wà nínú eré orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Monopoly láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, tó sì jẹ́ pé òun ló gba ìbò jù nígbà tí wọ́n ní kí aráyé yan àwọn ère tí yóò dúró nínú eré náà ní 2017. Ajá inú páálí gbajúmọ̀ ju ajá inú ilé lọ.

Èyí tó kù ni ti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìkójọ náà bí ẹni tó ni ín bá kú, ibí yìí sì ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ olùkó ti ń bàjẹ́. Ọmọ kò mọ ohun tí bàbá mọ̀. Wọ́n á pe alágbàtà, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí, ó di gbàǹjo, ó fọ́n ká. Ère kọ̀ọ̀kan kò sọnù, ṣùgbọ́n ìtò ọdún tó mú wọn sọ̀rọ̀ ti sọnù. Ibi tí a lè fi wọ́n pa mọ́ sí wà: American Kennel Club ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan fún ajá nìkan, Museum of the Dog, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1982, tí wọ́n gbé lọ sí St. Louis, tí wọ́n sì dá padà sí New York ní 2019. Ilé ìkàwé Roosevelt ní Hyde Park sì ń tọ́jú ohun tó jẹ mọ́ Fala. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í gba ohun gbogbo tí wọ́n bá gbé wá. Ohun tí wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè ni ibi tí nǹkan náà ti wá, ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, àti ọdún tó dé ọwọ́ ẹni tó fi sílẹ̀. Nítorí náà, olùkó tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń ní ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, tó ń kọ nọ́ńbà ère kọ̀ọ̀kan sí, àkọlé tó wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tó ti rà á, iye tó rà á, àti ohun tí ẹni tó tà á fún un sọ nípa ìyá tàbí àǹtí tó ni ín tẹ́lẹ̀, a sì máa so nọ́ńbà kan náà mọ́ ìdí ère pẹ̀lú òwú, kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, nítorí gọ́ọ̀mù máa ń bó ọ̀dà.